Omi Dé Ilé, Ọ̀nà Odò Dá

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìn-ín-ní

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ tó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá yín, ẹ kú alẹ́ tó bá jẹ́ alẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ gbádùn? Èmi náà wà, ara mi le, àfi òtútù tó ń wọ eegun mi. Mo pe fóònù yín títí, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń dá mi lóhùn pé mi ò lè rí yín bá sọ̀rọ̀. Mo wá rántí ohun tí ẹ sọ, pé àfi kéèyàn gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé kí fóònù tó gbọ́ràn, orúnkún yín ò sì sí fún òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí bébà àti bírò.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo bá wá. Omi ti fẹ́ dé. Àwa ọmọ ilé tó wà lẹ́yìn odi ti parí ètò. Agbẹ́kànga kan tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ dáadáa yóò dé bá yín kí oṣù yìí tó tán. Yóò gbẹ́ kànga jíjìn, ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ yóò fa omi sókè sínú táńkì, láti inú táńkì ni páìpù yóò ti gbé e lọ sí agboolé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní lọ sódò mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Màámi? Ẹ ò ní gbé garawa rù mọ́ láyé. Omi tí màlúù ń mu tí ó sì ń tọ̀ sí, tó ń da inú àwọn ọmọdé rú lọ́dọọdún, a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Agbẹ́kànga ní iwájú ilé wa ló ga jù, ibẹ̀ ni táńkì gbọ́dọ̀ dúró sí kí omi lè máa sàn lọ síbi gbogbo. A jẹ́ pé pẹpẹ tí bàbá mi kàn síbẹ̀, tí àwọn tó ń ti odò bọ̀ máa ń sọ ẹrù lé, yóò kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kò sẹ́ni tí yóò tún ní ẹrù omi tí yóò sọ̀.

Fún ọgbà ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yin obìnrin jọ ń dá lẹ́yìn ilé wa, mo ti fi páìpù tín-ín-rín kan ránṣẹ́. Irú rẹ̀ la ń lò níbi iṣẹ́ mi. Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti ń gbin tòmátì níbí, ilé tó gùn débi pé tí mo bá dúró ní ìpẹ̀kun kan mi ò ní rí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Páìpù náà ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Omi á máa kán sí ìdí ewébẹ̀ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bu omi rin nǹkan kan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rìn láàárín wọn kí n máa wò bóyá ihò kan ti dí. Mo lè rìn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìla ẹnu. Lọ́jọ́ kan mo kí tòmátì kan pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì dúró kó dá mi lóhùn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lópin ọdún yìí, mò ń bọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé o ń jẹun? Mi ò ní kí o sọ pé o ń jẹun, mo ní ṣé o ń jẹun ni. Nígbà tí o wà nílé, bí mi ò bá pè ọ́ títí o kì í rántí pé o ní ikùn. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa ló kó lẹ́tà rẹ wá. Ó ti ká a sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ti jókòó lé e láti ìlú ńlá. Mo nà án, mo kà á, mo tún un kà. Ilé ìwé àgbà tí o fi tipátipá mú mi lọ nígbà náà lọ́hùn-ún kò já sófo. Lẹ́tà tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju fóònù lọ. Bí fóònù bá ti já, ó já náà nìyẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Agbẹ́kànga ti dé. Ọkùnrin náà gùn, kò sanra rárá, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń jẹ, mi ò mọ ibi tó ń kó o sí. Kó tó gbẹ́ ibikíbi, ó kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ lá. Mo ní kó jọ̀ọ́ ní sùúrù, oúnjẹ ti ń bọ̀ lórí iná. Ó ní òun ń wo bóyá omi abẹ́ rẹ̀ máa ní iyọ̀ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ kan omi, omi tú sókè, ó dà lé wa lórí, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó mọ́. Ìyàwó Káfíńtà jó títí ìró rẹ̀ fi tú. Ìyá Télọ̀ ń sunkún ní tirẹ̀, o sì mọ ìdí rẹ̀. Omi odò ló da inú àbíkẹ́yìn rẹ̀ rú tí ọmọ náà fi lọ, kó tó pé ọdún kan.

Wọ́n yọ pẹpẹ bàbá rẹ. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nítorí pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, kò rí oòrùn láti ìgbà tí o ti wà nínú mi.

Wọ́n ṣèpàdé lórí ẹni tí yóò máa ṣí omi, tí yóò máa tì í. Gbogbo wọn ní ìyá ẹni tó mú omi wá ni. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu táńkì náà, mo sì ti so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró mi.

O ní o ń bọ̀ lópin ọdún. Mo ti sọ fún Ìyá Télọ̀. Mo ti sọ fún Ìyàwó Káfíńtà. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé pàápàá. Má sọ mí di òpùrọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú oríire omi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi tí Agbẹ́kànga ti ń lá iyẹ̀pẹ̀, mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì mí fi dìde lọ jókòó síbòmíì. Ẹni tó bá ń dá rẹ́rìn-ín níbí, wọ́n máa ń bẹ̀rù rẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí omi ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ tún ṣí i kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ máa tì í láàárín méjèèjì kí táńkì lè kún. Ní ti ọgbà, ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ni. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀, yóò ṣe ìyókù. Kí ẹ kàn jókòó, kí ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Màámi. Àsìkò ìsinmi yín ló dé yìí.

Ní ti bíbọ̀ mi, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní kí n tọwọ́ bọ ìwé ọdún méjì sí i, pé bí mo bá kọ̀, ẹni tó fẹ́ gba ipò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún àwọn Ìyá Télọ̀. Ọdún méjì ò jìnnà, ẹ ó rí i.

Ẹ béèrè nígbà kan pé irú ilé wo ni mò ń gbé. Yàrá kan ni, lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún àwọn ilé ìtura. Bí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́, ife orí tábìlì mi á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí. Ọkùnrin tó wà ní yàrá kejì máa ń wúkọ́. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ dáadáa, mo lè fi mọ̀ bó bá jí pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ojú rẹ̀ rí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Omi ń yọ. Ó mọ́. Láti ìgbà tó ti dé, a ò gbọ́ pé inú ọmọ kankan ń run. Ọlọ́run á san án fún ọ.

Agboolé kọ̀ọ̀kan ti ní ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀. Agbẹ́kànga ò tíì lọ, ó gba yàrá síbí, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ. Mo ń ṣí i láàárọ̀, mo ń tì í. Mo ń ṣí i nírọ̀lẹ́, mo ń tì í. Ọgbà ń bu omi rin ara rẹ̀ bí o ṣe wí. Àwọn obìnrin kì í wá mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ já ẹ̀fọ́. Wọ́n á já a, wọ́n á lọ.

O rántí pé ẹnu ọ̀nà wa ni gbogbo ènìyàn ń gbà lọ sódò. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yìí bí ìyàwó, kì í ṣẹlẹ̀ kí n bọ́jú tán kí n má tíì gbọ́ ẹni tó ń béèrè bóyá mo jí ire. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á sọ ẹrù, a ó jọ bú ọkọ wọn díẹ̀, wọ́n á tún gbé e rù. Ní báyìí, koríko ti hù lójú ọ̀nà odò. Lánàá, láti òwúrọ̀ títí mo fi sùn, adìyẹ nìkan ni mo bá wí.

Mi ò ráhùn o. Omi dára.

Wọ́n bi mí ní ìpàdé pé ìgbà wo lo ń bọ̀. Mo ní o tọwọ́ bọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ kú àìríra. Lẹ́tà yín kúrú lọ́tẹ̀ yìí, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó kù síbẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Mo ti kọ̀wé sí Agbẹ́kànga pé kó fa páìpù wọ inú ilé, títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ má tilẹ̀ máa jáde síta nítorí omi mọ́. Bí adìyẹ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tà wọ́n. Mo sì ti fi rédíò kan ránṣẹ́, èyí tó ń gba oòrùn sára. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa. Onífìlà ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí kì í ṣí fìlà rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ti àwa méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti ọ̀gá. A máa ń jókòó jẹun pọ̀ lọ́sàn-án. Ó fún mi ní ọsàn kan lọ́jọ́ kan, mo fún un ní búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ọ̀rẹ́ wa dé nìyẹn.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, kí ẹ sì kọ ọ́ gùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Ṣé kò sí o? Ṣé rédíò dé? Mo bi awakọ̀ lórí fóònù, ó ní òun kò gba lẹ́tà kankan lọ́wọ́ yín. Bí mo bá ti wọlé, iwájú àpótí lẹ́tà ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ ti mọ̀ mí, ó kàn máa ń mi orí fún mi láti ọ̀ọ́kán.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, torí ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ wí. Agbẹ́kànga ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ó wá fi ojú ewé mẹ́ta dá sí i.

Ó ní ẹ kì í ṣí omi lásìkò mọ́. Ó ní oòrùn á ti gòkè, ẹnu ẹ̀rọ á gbẹ ní gbogbo agboolé, àwọn obìnrin á wá bá yín níwájú ilé pé kí ló dé, ẹ̀yin á sì jókòó sórí àga pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Ẹ ó ní kí wọ́n jókòó ná. Ẹ ó bi wọ́n léèrè ọkọ, ẹ ó bi wọ́n léèrè ọmọ, ẹ ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sè lánàá. Ẹni tó bá ń kánjú, ẹ ó ní ta ló lé e. Ó ní ẹ tilẹ̀ ti páìpù ọgbà pa, kí wọ́n lè máa fi garawa bu omi rin ebè bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀fọ́ sì ti ń rọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè yín báyìí ni Ìyá Alágádágodo.

Ṣé ohun tí mo ń ṣe wàhálà fún nìyí? Kí ìyá mi máa fi omi jẹ gàba lé ènìyàn lórí? Ẹ ò dá lẹ́tà mi lóhùn, ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ń bá gbogbo àdúgbò jà. Ojú ń tì mí, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ náà fún Agbẹ́kànga. Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. O ní o ò fẹ́ gbọ́ àlàyé, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, o ó gbọ́ ọ.

Gbogbo ohun tí Agbẹ́kànga wí, òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ bò mí láṣìírí díẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Orúnkún ló dá mi dúró lórí ibùsùn. Nígbà tí mo máa fi jáde, mo bá Ìyàwó Káfíńtà, Ìyá Télọ̀ àti àwọn yòókù níwájú ilé. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ìyàwó Káfíńtà wo orí mi, ó ní, "Ìyá, irun yín rèé? Ẹ jókòó síbí jàre." Ó fa orí mi sáàárín orúnkún rẹ̀, ó ń dì í. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kan orí mi láti ìgbà tí omi ti dé. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Nígbà tó di irun tán, mo ṣí omi, gbogbo wọn sì lọ. Lọ́jọ́ kejì mo jí lásìkò, orúnkún ò dùn mí, mo sì jókòó sínú ilé títí wọ́n fi dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ mi lára. Mo ti páìpù ọgbà pa kí wọ́n lè máa wá. Wọ́n wá fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rín wà, èébú náà wà. Nígbà tó yá ẹ̀rín lọ, ó ku èébú.

Ohun tí Agbẹ́kànga ò kọ sí ọ nìyí. Ìyá Télọ̀ bínú lọ́jọ́ kan, ó gbé garawa, ó gba ọ̀nà odò lọ nínú koríko yẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ mu nínú omi náà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti wọnú, kò lè sunkún mọ́. Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọmọ náà fi la ojú tó sì béèrè ìyá rẹ̀. Ìyá Télọ̀ ò bú mi. Ó kàn ń wò mí ni, ìbá tilẹ̀ sàn kó bú mi. Nígbà tí a dé, mo tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, mo kó o fún Agbẹ́kànga. Lẹ́tà rẹ ò tíì dé nígbà náà. Ìwọ kọ́ lo gbà á lọ́wọ́ mi. Omi ń yọ lásìkò báyìí, ọgbà náà sì ti ń mu omi.

Wá gbọ́ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé torí kí wọ́n lè jókòó tì mí ni mo ṣe ti omi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá pẹ́ wọ́n á fẹjọ́ mi sùn ọ́. Mo ní ọmọ mi ló mú omi wá, bí omi bá dìjà, òun ló máa wá parí rẹ̀. Mo ní bí ọ̀gá rẹ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé le, á fi ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń bú mi, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ẹ máa bú u lọ, ọmọ mi ti ń palẹ̀ mọ́. Ìdí tí mi ò fi dá ọ lóhùn náà nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ má balẹ̀. O ò wá. O kọ lẹ́tà, o ní ojú ń tì ọ́.

Rédíò dé. Ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé mo jí.

Mi ò béèrè omi lọ́wọ́ rẹ. Omi dára, ó dára púpọ̀, ọmọ Ìyá Télọ̀ ì bá wà láàyè bó bá ti dé ṣáájú. Ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi. Ó ń sọ mí débi pé ó sọ mí di ẹni burúkú. Mo fi orúnkún sọ ọ́, mo fi adìyẹ sọ ọ́, o ní kí n tà wọ́n.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní

Màámi,

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàárín tòmátì. Mo rò pé màá kà á tán kí àsìkò oúnjẹ tó parí, àsìkò parí, mo ṣì ń tún un kà nílẹ̀. Onífìlà wá bá mi. Ó wo lẹ́tà náà, kò lè kà á, kò sì mọ èdè tó máa fi bi mí pé kí ló dé. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó tì mí sílẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀gá fi dé.

Mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ. Ó ní ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ ńkọ́. Ó ní bí mo bá lọ, kí n má padà wá o, pé kò sí ilé tòmátì kankan níbí tó máa tún gbà mí. Mo ní ó dáa. Mi ò ní tàn yín, àyà mi ń já. Mi ò mọ iṣẹ́ tí màá máa ṣe bí mo bá délé, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa jọ lójú àwọn tó rò pé mo là.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n nítorí ara mi ni. Mo rò pé mo ti gbé ẹrù kúrò lórí yín, mi ò mọ̀ pé ẹrù náà ló ń mú ènìyàn yà sọ́dọ̀ yín.

Kí oṣù kejì tó parí, màá kúrò níbí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó. Ní ti iṣẹ́ tí ò ń bẹ̀rù, ebi ò ní pa wá. Ọgbà wà, omi wà. Ní ti ẹnu ayé, èmi tí wọ́n ń pè ní Alágádágodo ṣì ń jẹun.

Mi ò sọ fún Ìyá Télọ̀ pé o ń bọ̀. Mi ò sọ fún Ìyàwó Káfíńtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà wá di irun mi lánàá, tí ọ̀rọ̀ omi ò sì sí láàárín wa. Lọ́dún tó kọjá mo sọ ọ́ fún gbogbo ayé, mo wá ń sá fún wọn títí ọdún fi yí. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa ẹnu mi mọ́. Ohun tí mo kàn ń ṣe ni pé mò ń se oúnjẹ ẹni méjì. Bí alẹ́ bá lẹ́ mo máa ń jẹ tèmi, màá sì fi ọmọrí dé tìrẹ.

Awakọ̀ dúró níta, ó ń fọn fèrè pé kí n ṣe kíá. Mo bi í pé bí lẹ́tà bá dé ibẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́. Ó ní wọ́n á dá a padà fún mi. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bí ó bá bá ọ níbẹ̀, a jẹ́ pé o ò tíì kúrò nìyẹn, má sì dá a lóhùn, dìde. Mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ látọjọ́ yìí, gbogbo wọn ni mo ń gbàdúrà lé lórí pé kó bá ọ. Èyí nìkan ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má bá ọ.

Ìyá rẹ.